Kúlíkúlí Tẹ́ Ẹ Dín fún Fareedah

Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara wa le ní Kumasi níbí, ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.

Mo ti dé ilé ìwé Fareedah lórí erékùṣù, mo sì ti padà. Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ débẹ̀, kúlíkúlí tẹ́ ẹ dín fún un ò sì fọ́ rárá. Ọmọọmọ yín ti ga, ó ti fẹ́ẹ̀ ga ju èmi tí mo bí i lọ. Kò sí èdè tí wọn ò sọ níbẹ̀. Faransé tí mi ò gbọ́ ló fi sọ ẹni tí mo jẹ́ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn sì kí mi dáadáa. Ọ̀kan tiẹ̀ fi Twi, èdè Kumasi níbí, bi mí pé ṣé ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ìyá Fareedah ṣiṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọmọdé ni wọ́n.

Ẹ má tíì dín òmíràn o. Bàbá ẹ̀ ṣì ń fi èyí tí mo gbé bọ̀ mu gààrì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Anloga níbí, kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́. Fareedah náà kí yín. Kò ráyè sọ ọ́ ni, àmọ́ mo mọ̀ pé ó kí yín.

Sàbírátù yín