Orin Tí Ẹ Kọ́ Mi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ má bínú pé ìwé ni mo kọ, mi ò pè. Ọ̀fun ló ń dùn mí díẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní àdúgbò Yopougon níbí. Lánàá, Màdáámù Simone tó ni ilé-ẹ̀kọ́ orin wa ń júwe àwa olùkọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun: "Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi. Ilé ọtí ni Ange ọkọ mi ti ń ta gìtá. Olújídé yìí, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ lórin níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kí n kọ ọ̀kan nínú orin yín. Mo lanu, èémí lásán ló jáde. Ange sáré ta gìtá rẹ̀, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Dókítà tó ń wo ọ̀fun mi ní kí n ní sùúrù. Mi ò bi í pé títí di ìgbà wo.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ ní mo ṣì ń kọrin.

Ọmọ yín,
Olújídé