Ìlà Kan Tí O Ní Kí Wọ́n Má Yọ

Ọmọ mi, olóríkunkun mi, ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí o gbé orí lé apá lórí tábìlì níbi iṣẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ rò pé o ń sùn. Ọdún mẹ́ta, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n pé wọn ò tètè jí ọ.

Ọmọ rẹ ti ga dé èjìká mi, ó ń bá mi jiyàn bíi tìẹ gẹ́lẹ́. Ìyàwó rẹ ti tún òrùlé ṣe, pálọ̀ kò jò mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ obìnrin ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ìwọ lo fi í sí àhámọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a sin ọ́ ló gba àga rẹ. Ọ̀gá yín ní kò sẹ́lòmíì tó lè ka ohun tí o kọ sí ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n omi tí wọ́n ń fà sára aláìsàn. Kò yé mi, àfìgbà tí àbúrò rẹ fi èdè wọ́ọ̀dù sọ ọ́ fún mi, èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì tó ń pín ibùsùn. Ó ní àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan dà bí ibùsùn. Iṣẹ́ tó bá wọlé á gba ọ̀kan, tó bá parí á dá a padà. A ò gbọ́dọ̀ gbé ẹni méjì sórí ibùsùn kan, a ò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tó ti lọ pa ibùsùn mọ́. Mo ní pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà, iṣẹ́ mi náà lo padà wá ń ṣe.

Ìwọ sì fi ìlà kan síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà ìwọ̀n omi bá fẹ́ lọ sójú ẹ̀rọ, ìlà yẹn á kọ orúkọ ẹni tí kò sí sára ibùsùn, kí wọ́n má bàa fi í fún ẹlòmíì. O kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, Ẹ má yọ ọ́, mò ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ọjọ́ kejì lo kú.

Ibùsùn wá ń kún díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejìlá, ẹ̀rọ á dákẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì lẹ bébà mọ́ ọn pé kí wọ́n máa pa á, kí wọ́n tún un tàn, lọ́jọ́ kẹwàá kẹwàá. Ọkọ àbúrò rẹ ti ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn láti ọdún méjì. Àbúrò rẹ di àpótí, ó tú u, ó tún un dì. Tó bá ti ní òun fẹ́ lọ, ọ̀gá á bi í pé bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lára ẹnì kan ńkọ́, ta ló máa jókòó ti ìlà ẹ̀gbọ́n rẹ? Á padà sórí àga.

Lọ́dún tó kọjá, ó fi ìbínú yọ ìlà náà nínú yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti so àpò omi méjì rọ̀ dípò èèyàn. Kò tó wákàtí kan tí nọ́ńbà àpò kìíní fi hàn lójú ẹ̀rọ àpò kejì. Ó dá a padà kíá. Ó délé, ó ní, Mọ́mì, tí mo bá fi í sílẹ̀ á dákẹ́, tí mo bá yọ ọ́ á parọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tì mí mọ́lé, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan a ń ká aṣọ ibùsùn, mo ń ròyìn ọjọ́ tí wọ́n ti bàbá kan lọ ya fọ́tò egungun. Nọ́ọ̀sì kékeré rí ibùsùn lófìfo, ó gbé ẹlòmíì sí i. Bàbá padà dé, ó bá àlejò nínú aṣọ ìbora rẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ní ẹni tó bá fẹ́ ti aláìsàn jáde gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ibùsùn kó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ aláìsàn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pa á rẹ́ tó bá dé. Àbúrò rẹ jọ̀wọ́ etí aṣọ tó dì mú.

Iṣẹ́ tó ń gbé nọ́ńbà lọ sójú ẹ̀rọ kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára ibùsùn, ọmọ mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. O mọ̀ pé ẹnì kan ń padà bọ̀, o ò mọ ẹni náà, lo bá ti ibùsùn pa. Àbúrò rẹ kọ́ iṣẹ́ náà láti máa kọ orúkọ, kó sì máa pa á rẹ́. Ẹ̀rọ méjèèjì inú yàrá àyẹ̀wò ṣiṣẹ́ láìsí ìlà rẹ fún ọgọ́rin ọjọ́ láìsinmi, nọ́ńbà kankan kò ṣìnà.

Ó wá ku kí a yọ ìlà rẹ kúrò nínú àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé ìka lé e, kò lè tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ń ṣe òun bíi pé òun ń lé ọ jáde. Mo ní kó sún sẹ́yìn. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà lọ, òun àti "mò ń bọ̀" rẹ.

Wọ́n ti ṣí bébà kúrò lára àwọn ẹ̀rọ. Àbúrò rẹ gbé àpótí rẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Sátidé, ó ní kí n kí ọ.

Èmi ló kù. Ọmọ rẹ ń bẹ̀ mí pé kí òun máa sùn sí yàrá ẹ̀yìn tí o fi ń sùn nígbà èwe rẹ, mo ní kó ní sùúrù. Láàárọ̀ yìí mo tún pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ, mo tẹ́ ẹ dáadáa, èmi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ẹni tó ti lọ pa ibùsùn mọ́ rí.