Nítorí Sẹlotéèpù Pupa Tí O Lẹ̀ Mọ́ Pátákó Iná

La Teja,
Montevideo.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta, 2019.

Mirta, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo yín ní Rivera lọ́hùn-ún? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn báyìí? Ìyá mi ní kí n béèrè bóyá ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀. Ara àwa náà le. Ti bàbá rẹ nìkan ni kò tíì le, òun ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, níbi tí o ti ń dúpẹ́ pé èmi ni mo gbé wọn dé ọsibítù. Ọpẹ́ yẹn ń jó mi nínú. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ fún ọ lórí fóònù, pé òjò ló mú kí àtẹ̀gùn máa yọ̀, pé bàtà bàbá yọ̀, tí egungun ìbàdí wọn fi kán. Bàbá fúnra wọn náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni, Mirta. Èmi ni mo fà á.

O rántí ọjọ́ tí o fi pátákó ìdarí iná lé mi lọ́wọ́. O fi hàn mí bí iná mọ́kànlá tó wà lára àtẹ̀gùn ṣe máa ń tẹ̀ lé ara wọn láti orí ìtàgé wá sílẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin wa bá ń kọrin ìdágbére, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ àárín èrò. Ọ̀pá kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún eré tí iná máa sá, èkejì fún bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa rọra kú. O lẹ sẹlotéèpù pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá eré, o fi bírò kọ "Bàbá" sí i. O ní, "Heber, má jẹ́ kó kọjá ibí láé. Má wo akọrin kankan, ẹsẹ̀ bàbá mi ni kí o máa wò. Kí iná ẹ̀yìn má tíì kú tán kí ti iwájú tó tàn." Àwa mẹ́ta péré la mọ̀ pé ojú bàbá ti ń lọ. Bí àwọn yòókù bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, ìjókòó ilé ni wọ́n máa ní kí Bàbá Ademar lọ jókòó, lẹ́yìn ogójì ọdún tí wọ́n ti ń síwájú akọrin.

Ó tán, mo wá gbọ́n ju ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ. Mo rí i pé bí mo bá ń tẹ bọ́tìnnì kan báyìí pẹ̀lú ìlù ńlá, ìlù ni iná á máa bá rìn. A dán an wò, ó dùn ún wò, kí n má parọ́. Dardo onílù pariwo pé, "Áà, Heber! Kí Mirta máa tọ́ ọmọ lọ ní tiẹ̀ o, ọ̀gá ti dé!" Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Mo fi èékánná ṣí sẹlotéèpù rẹ kúrò, mo ní ó ń ba ẹwà pátákó jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì bàbá wá bá mi, àwọ̀ tí wọ́n fi kun ojú fún eré ṣì wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọwọ́ rẹ ṣì wà lórí ọ̀pá yẹn?" Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà níbẹ̀." Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, orin ìdágbére ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni òjò wẹliwẹli dé. Dardo ò fẹ́ kí awọ ìlù òun rin, ló bá mú ìlù yára. Bí ó ṣe ń sáré ni mò ń tẹ bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ni iná ń sá lọ. Iná ti dé ìkeje, bàbá ṣì wà ní ìkẹrin. Mo gbójú sókè, mo rí i tí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, tí wọ́n ń fi wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Fìlà wọn ló kọ́kọ́ yí dé ìsàlẹ̀. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà lára eré ni.

Ní ọsibítù, mo la ẹnu láti jẹ́wọ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bàbá gbá ọwọ́ mi mú. "Bàtà mi ló yọ̀. Ṣé o gbọ́? Bàtà ni!" Nígbà tó ku àwa méjì, wọ́n ní, "Tí o bá sọ ti iná, wàá sọ ti ojú. Lọ́dún tó ń bọ̀, gbọ́wọ́ sórí ọ̀pá yẹn." Dókítà sì ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé wọn ò ní gun ìtàgé mọ́. Kò sẹ́ni tó tíì láyà láti sọ ọ́ fún wọn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pésẹ̀, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, Mirta. Mo ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí.

Mo fi ìkúnlẹ̀ wá sẹlotéèpù náà lábẹ́ tábìlì títí mo fi rí i. Òun nìyí nínú àpò ìwé yìí. Ó ti gba eruku, ṣùgbọ́n ohun tí o kọ ṣì hàn. Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi gbé àwọn ọmọ. Tí o bá fẹ́ wá bú mi lójú, mo wà nílé. Ọpẹ́ tí o dú yẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o gbà padà.

Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Heber.