Ẹ Má Tíì Pín Ẹgbẹ́ Yín

Abúlé Arárọ̀mí,
Lẹ́bàá Ayétòrò.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, 2026.

Dàmọ́lá, Àkàndé ọmọ mi,

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Ẹtì pọ̀: ẹ̀yìn ń dùn mí, òrùlé ilé ìdáná ń jò, ewúrẹ́ ìyá rẹ kò tíì bí, ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni ti ẹgbẹ́ yín tó fẹ́ tú ká. Ìwọ ńkọ́, ṣé ara le? Ọlọ́run tó gbé ọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kò ní jẹ́ kí o padà síbẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

O sọ lórí fóònù pé ẹ̀yin tí ẹ ń kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe sílẹ̀ fún un lé ní ẹgbẹ̀rún kan nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ń béèrè ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́, ó ti sú àwọn ọ̀gá, àwọn kan wá ní kí ẹ pín in sí méjì, àwọn kan ní rárá, àti pé ìwọ alága ni yóò ní kí wọ́n dìbò ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Mo béèrè gbọ̀ngàn tí ẹ ń lò, o ní kò sí. Mo béèrè ẹni tí àga ẹgbẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín. O ní inú fóònù ni gbogbo yín wà, pé ọ̀pọ̀ yín kò rí ojú ara yín rí. Kò yé mi. Báwo ni àwọn tí kò rí ara wọn rí ṣe ń sú ara wọn? O tún ní èèyàn lè wà nínú méjèèjì. Bí ìpàdé méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà ńkọ́, ẹsẹ̀ mélòó ni èèyàn ní?

Má rò pé mò ń ṣe àṣejù. Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa nígbà tí a pín in, tí àwọn tó fẹ́ kí ìsìn máa tètè parí kó lọ sí òdìkejì odò. A pín bẹ́ǹṣì ní dọ́gba-dọ́gba. Ó ku agogo, ọ̀kan ṣoṣo ni, ni a bá mú agogo, a sì yọ irin inú rẹ̀ fún wọn. Láti ọjọ́ náà, tiwa kò dún, tiwọn kò dún. Nígbà tí ìyá mi kú, ìdajì akọrin ló kọrin sin ín. Èmi gan-an wà lára àwọn tó nawọ́ sókè pé kí a pín in.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ, àwa kò tètè gbọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì lo ti kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ náà pé o kò rí ẹni dúró tì ọ́. Mọ́nsúrátù tó ń kọ́ṣẹ́ rí i láti Ìbà, ó sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣebí òun náà wà lára àwọn tó ń béèrè ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́? Tí ẹ bá kó àwọn irú rẹ̀ lọ sí yàrá kejì, ta ni yóò rí i nígbà tí o bá tún kọ ọ́?

Ìyá rẹ ní kí n fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀. Àná ni mo rékọjá odò, mo tọrọ irin agogo náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé agogo wá. A ṣì wà lórí rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ rán Táyọ̀ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, má fi í sínú fóònù mi, mi ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà yọ ọ́ níbẹ̀. Fi díẹ̀ kún un fún páànù ilé ìdáná. Sọ fún gbogbo wọn kí wọ́n má dìbò títí n ó fi dé, kí wọ́n má sì ṣe wàhálà oúnjẹ, mi ò lè jẹun nílé ẹgbẹ̀rún èèyàn. Níbi tí o bá ti ké pe èèyàn, èèyàn yóò dá ọ lóhùn. Àṣẹ.

Wá dúró dè mí ní Ìyànà Ìbà. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ni n ó gbéra.

Bàbá rẹ.