Àdírẹ́sì Tí Sùkúrá Kọ

Erunmu, Àlàmísì

Mo lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá lónìí láti san àsansílẹ̀ ọdún kan fún ìwé ìròyìn ọmọdé méjì tó máa ń jáde lóṣooṣù. Ti Àmínà ọmọ mi kò le, ìtàn àti àlọ́ àpamọ̀ ló fẹ́. Ti Sùkúrá, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi nígbà tó ṣaláìsí, ni mo rò títí kí n tó mú èyí tó kún fún ẹranko.

Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Màmá, ṣé ilé kan náà ni ká máa gbé tàwọn méjèèjì wá?"

Mo ní n ó lọ kọ àdírẹ́sì sí ti Sùkúrá nílé. Bàbá Sùkúrá ti pè pé òun ń bọ̀ wá mú un lẹ́yìn Iléyá. N kò tíì sọ fún ọmọ náà.

Mo mú fọ́ọ̀mù wálé. Sùkúrá kà á, ó ní, "Àǹtí, ọdún kan gbáko? Ṣé n ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín?"

Àṣé ó ti gbọ́ mi lórí fóònù!

Mo ní, "Ibi yòówù kí o wà, yóò bá ọ níbẹ̀."

Ó mú bírò, ó sì kọ àdírẹ́sì ilé wa síbẹ̀. Mo buwọ́ lù ú.

Lọ́la, mo gbọ́dọ̀ pe bàbá rẹ̀. Ẹnu wo ni n ó fi bẹ̀ ẹ́ kó fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa?