Ọ̀nà Èémí Mi Ló Fẹ̀ Jù

Kambolé, ọjọ́ Jímọ̀

Tàíbátù ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Lómè, àti fún Fáwàsì ọkọ rẹ àti ọmọ yín. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ. Iṣu ta dáadáa, àgbàdo ni ọ̀yà jẹ díẹ̀.

Nítorí ọ̀rọ̀ ikọ́ mi ni mo fi ń kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò ní ilé ìwòsàn Tchamba, wọn ò rí ikọ́ ife, síbẹ̀ wọ́n ya kọ́ọ̀pù mi sọ́tọ̀ nílé, ní mọ́sáláṣí pàápàá wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí èémí wá ń há, Àlàsàn àbúrò mi fi alùpùpù gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Sokodé.

Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ sikánẹ̀ tó ń ya àwòrán inú ara. Ẹnìkan ń sọ Faransé nínú rẹ̀, mo kí i, kò dáhùn. Nọ́ọ̀sì fi èdè Tem sọ fún mi pé ó ní kí n má mí mọ́. Mo rò pé ikú ti dé nìyẹn, mo ka kálímà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ nínú ọkàn mi. Nígbà tó ní kí n máa mí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an.

Dókítà obìnrin kan wọn àwòrán náà, ó ní ọ̀nà èémí mi fẹ̀ jù, àti ẹ̀ka rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo ní ṣé kì í ṣe ohun tó dáa ni, a ṣáà ń bẹ ìjọba kó fẹ ọ̀nà Kambolé. Ó ní èyí ti dẹ̀ ni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò rọ́nà jáde, ibẹ̀ ló ń bàjẹ́ sí. Ó fi fóònù rán ọ̀nà èémí mi sí ọ̀gá rẹ̀ ní Lómè, ó ti ṣáájú mi dé ìlú yín. Ọ̀gá náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fífẹ̀ náà ò ní padà. Wọ́n fún mi lóògùn fún ìgbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá yí àwọ̀, wọ́n ní kí n jìnnà sí èéfín. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ mò ń dùbúlẹ̀ kí orí rẹlẹ̀, ìyá rẹ á ká ọwọ́ bí igbá, á máa gbá mi lẹ́yìn títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á fi jáde. Ó ní ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń wá àyè ẹ̀. Mo ti ń kọ ebè díẹ̀díẹ̀.

Dókítà ní ó jọ pé wọ́n bí i mọ́ mi ni, kì í ràn. Mo ní kó tún un sọ. Tàíbátù, mo mọ ìdí tí o kò fi gbé Fàdílà wá láti ìgbà tí a ti sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò bínú, ìyá gidi ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ràn.

Fi owó oògùn ránṣẹ́ sórí fóònù Àlàsàn, tèmi ti sán, owó lè jò dànù. Bí owó oògùn àti owó ọkọ̀ yín ò bá lè pé pọ̀, ẹ fi tọkọ̀ ṣáájú.

Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Sàkáríyà