Òṣùpá Tí Ẹ̀ Ń Bẹ̀ fún Mi

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti orí òkun. Ara mi le koko. Ọkọ̀ apẹja wa tóbi ju ilé wa ní Lotto lọ!

Ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní dọ́fínì là ń tẹ̀ lé. Tí òkùnkùn bá ṣú, ẹja wẹ́wẹ́ á gòkè láti ìsàlẹ̀ òkun, dọ́fínì á máa jẹ wọ́n, àwa náà á da àwọ̀n. Ṣùgbọ́n tí òṣùpá bá ti tàn yòò, ẹja kì í gòkè, dọ́fínì kì í dúró. Ọ̀gá wa ní tí kò bá sí ẹja, kò sí oúnjẹ. Aláwàdà ni.

Ẹ bá mi kí ìyá Ọmọlabí, tí a jọ wà nínú ọkọ̀, ní Ibafo. Ẹ ní ọmọ wọn ń sùn ni kò fi kọ̀wé. Aṣọ òtútù rẹ̀ ni mo wọ̀. Kò bèèrè rẹ̀ mọ́.

Màmá, àdúrà tí ẹ̀ ń gbà nínú ìṣọ́ òru, pé kí òṣùpá máa tànmọ́lẹ̀ fún mi lójú omi, ti gbà. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án tí ó ti ń tàn yòò. Ẹ kí gbogbo ìjọ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dá àdúrà yẹn dúró.

Dáraolúwa yín